Igi tó kọ́ Ìbàdàn ti darúgbó

Ọmọkùnrin náà na fóònù rẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò, ó sì ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ igi kòkó. Bàbá olóko ń tẹ̀ lé e, àdá lọ́wọ́. Bí ọmọkùnrin náà bá ti dúró láti wo ojú fóònù, Bàbá á na àdá síwájú.

"Ibẹ̀ yẹn kọ́, ọmọ mi. Wo pèrègún ọwọ́ ọ̀tún yẹn. Òun ni ààlà."

Pèrègún ọ̀hún ti ga ju ènìyàn méjì lọ. Ọdún 1974 ni Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín, lọ́jọ́ tí onílẹ̀ mú un wọ igbó yìí, tí wọ́n fi orógbó àti ìgò ọtí kan ṣe àdúrà, tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìwé kankan tó sọ ibi tí oko yìí ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Pèrègún ni ìwé.

Abúlé kan ni, láàárín Oǹdó àti Òkè-Igbó, nínú oṣù Kẹwàá. Òjò ti rọ̀ lóru, ewé kòkó tó já sílẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ bàtà. Èso kan pọ́n lára igi, òmíràn ti dúdú láti ìdí dé orí, ó sì ti rọ̀ bíi kànìnkànìn tó mumi. Àrùn ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Bàbá ń já àwọn tó ti bàjẹ́ sọnù bó ṣe ń kọjá lọ. Kì í tilẹ̀ wò wọ́n mọ́ kó tó já wọn.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra kòkó ránṣẹ́ sí òkè òkun ló gba ọmọkùnrin náà síṣẹ́. Iye oko tó bá wọ̀n lójúmọ́ ni wọ́n fi ń sanwó fún un, ìdí nìyí tó fi ń kánjú. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe lọ́dún 2023 ló gbé e dé oko Bàbá. Òfin náà sọ pé kòkó, kọfí, epo pupa, rọ́bà, sóyà, pákó àti màlúù tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 wá kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà wọn. Ẹni tó bá fẹ́ tà á níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí oko tó ti jáde lórí àwòrán ilẹ̀. Oko tí kò bá kọjá hẹ́kítà 4, ojú kan ṣoṣo ti tó. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní láti rìn yí i po. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà máa bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra kòkó kò dúró dè é.

Nígbà tí a jókòó sórí igi tó ti wó, Bàbá kọjú sí mi.

"Akọ̀wé, jẹ́ n bi ọ́. Láti ayé bàbá mi ni wọ́n ti ń jẹ kòkó wa. Ṣé òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mọ ibi tó ti ń wá ni?"

Mi ò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe ń ro ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe òyìnbó nìkan ló jẹ kòkó láì bojú wo ìdí igi. Àwa náà jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Láti Agége dé Oǹdó

Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni J.P.L. Davies, oníṣòwò ará Èkó tí wọ́n bí ní Sàró, dá oko kòkó sí Ìjàn, lẹ́bàá Agége. Àwọn bíi J.K. Coker náà dá oko ńlá tiwọn lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn alágbàṣe tó ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn oko wọ̀nyí wá láti òkè, láti ìlú tí ogun ti fọ́. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n kó owó iṣẹ́ wọn dání, wọ́n sì kó èso kòkó mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni kòkó ṣe dé Ìbàdàn, tó dé Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà àti Oǹdó. Àwọn oníwàásù náà gbé e kiri pẹ̀lú Bíbélì.

Ìjọba kọ́ ló tan kòkó ká ilẹ̀ Yorùbá. Alágbàṣe ni.

Mo fẹ́ kí àwọn tó máa ń sọ pé àgbẹ̀ wa kì í fẹ́ nǹkan tuntun rántí èyí. Igi tí bàbá wọn kò mọ̀ rí ni, igi tí kì í so títí á fi pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí èso rẹ̀ kò sì ṣeé fi se ọbẹ̀. Láìsí owó báńkì, láìsí ọ̀gá kankan láti ọ́fíìsì, wọ́n gbìn ín títí ó fi di igi tí gbogbo ọrọ̀ ajé wa fẹ̀yìn tì.

Owó inú Bọ́ọ̀dù

Nígbà ogun Hitler ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba títa kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ogun parí, wọn ò dá a padà. Ní 1947, wọ́n dá Màkẹ́tìnì Bọ́ọ̀dù kòkó sílẹ̀ fún Nàìjíríà. Ní 1954, wọ́n pín in sí ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ti Ìwọ̀-Oòrùn sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba tó wà ní Ìbàdàn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Kí kòkó tó jáde, Bọ́ọ̀dù á kéde iye tí àgbẹ̀ máa gbà lórí tọ́ọ̀nù kan. Àwọn alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ á rà á lóko, Bọ́ọ̀dù á sì tà á sókè òkun. Èrè tó bá wà láàárín, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, torí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tí ọjà bá kú, wọ́n á fi ti àgbẹ̀ lẹ́yìn. Àlàyé tó dára ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun, ọjà òkèèrè gbéra sókè, owó ń gun orí owó nínú àpò Bọ́ọ̀dù, èyí tó ń tẹ àgbẹ̀ lọ́wọ́ kò sì gbéra tó bẹ́ẹ̀.

Owó yẹn ni wọ́n fi tún ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún kan náà, àwọn ọmọ tó wà nílé-ìwé ju 800,000 lọ. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, wọ́n kọ́ pápá ìṣeré Líbátì, wọ́n dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀. Ní 1965 ni Ilé Kòkó dúró tán ní Dùgbẹ̀, ó ga tó mítà 105, orúkọ igi tó san owó rẹ̀ sì ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ìyá mi wà lára àwọn ọmọ ọdún 1955. Obìnrin ni, ìkẹta nínú ọmọ bàbá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa san owó ilé-ìwé fún un nígbà yẹn bí kì í bá ṣe pé wọ́n ní kí ó wá lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kì í bá ṣe kòkó, mi ò ní lè kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Nítorí náà, mi ò lè dúró síta kí n máa sọ pé ohun tí wọ́n ṣe kò dára.

Síbẹ̀, ó yẹ ká pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Mo bá onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́.

"Owó orí ni," ó ní. "Wọn ò kàn pè é bẹ́ẹ̀ ni. Àgbẹ̀ nìkan ló ń san irú rẹ̀. Lọ́yà kò san án, akọ̀wé ìjọba kò san án. Ẹni tó ń gbé nínú ilé alámọ̀ ló ń san owó ilé alájà."

Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Bauer ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí òwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1954. Ní 1962, ìgbìmọ̀ Adájọ́ Coker ṣèwádìí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì sọ pé owó ti gba inú ilé-iṣẹ́ aládàáni kan bọ́ sínú àpò ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀. Àwọn kan ṣì ń sọ títí dòní pé ọ̀tá ló gbé ìwádìí yẹn kalẹ̀. Ọ̀tá lè gbé e kalẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn kò ní kí owó náà má lọ síbi tó lọ.

Ohun tó ń dùn mí jù kì í ṣe èyí. Nínú gbogbo ohun tí kòkó kọ́, ìdí kòkó gan-an ni wọ́n rántí kẹ́yìn. Wọ́n dá ilé ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1964 ní Ìdí-Ayunrẹ́, wọ́n sì ṣiṣẹ́ gidi níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ètò kan tó dúró tó sọ pé bí a bá ti ń já, bẹ́ẹ̀ la ó máa gbìn. Ọrọ̀ tó wá láti ara igi kì í tọ́jọ́ ju igi náà lọ. Àgbẹ̀ kankan kì í se gbogbo iṣu rẹ̀ tán láì yọ èbù sílẹ̀. Ìjọba ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọkẹ́ mẹ́fà

Ní 1965, kòkó pọ̀ lọ́jà àgbáyé, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn ń tọ́jú owó dè ti dé, ṣùgbọ́n owó ti lọ. Bọ́ọ̀dù gé iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ lulẹ̀. Kò pẹ́ sí i, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, owó orí ń gbéra, àwọn agbowó-orí àti wolé-wolé sì ń dààmú àwọn ará abúlé.

Láti 1968, àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn àti ìlú mìíràn ní àwọn kò san owó orí mọ́. Àgbẹ̀kọ̀yà ni wọ́n pe ara wọn. Wọ́n ní ọkẹ́ mẹ́fà làwọn lè san, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, wọ́n sì ní kí ìjọba tún ọ̀nà oko ṣe. Ẹ̀mí ṣòfò lọ́tùn-ún lósì. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969, àwọn tí Tàfá Adéoyè ṣáájú fún ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Awólọ́wọ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ nínú oko, ìjọba sì dín owó orí náà kù sí pọ́ùn 2.

Bàbá olóko wa jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà yẹn, ní apá Ẹ̀jìgbò. Kò fẹ́ sọ ohun tó ṣe lásìkò náà fún mi. Ó kàn sọ pé nígbà tí ó parí, òun rò ó pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti gbó, kòkó ibẹ̀ ti ń kú, òun sì di ẹrù òun lọ sí ilẹ̀ Oǹdó.

Nígbà tí epo dé

Ní nǹkan bí 1970, kòkó Nàìjíríà ju 300,000 tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún, Gánà nìkan ló sì wà níwájú wa ní gbogbo ayé. Owó epo rọ̀bì fò sókè ní 1973 sí 1974. Kó tó di àárín ọdún 1980 sí 1990, kòkó wa kò tó ìdajì ohun tó jẹ́ mọ́.

Kò sí ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n pa kòkó. Náírà kàn le gan-an ni, ìrẹsì òkèèrè di ohun tí kò wọ́n, iṣẹ́ kíkọ́lé àti ṣíṣe ọ̀nà sì kún Èkó. Alágbàṣe tó ń fín kòkó lánàá ti di lébìrà tó ń po kọnkéré. Ìjọba kò nílò àgbẹ̀ mọ́ kó tó rí owó ná, kò sì tún bìkítà bóyá àgbẹ̀ ń bínú tàbí inú rẹ̀ ń dùn.

Èyí tí a kì í fẹ́ sọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ tí kòkó rán lọ sílé-ìwé kò padà sóko. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tilẹ̀ dá ìletò oko sílẹ̀ fún wọn, ọ̀pọ̀ sì sá kúrò níbẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi, nítorí ìyá mi náà kò padà. Ẹ̀kọ́ tí kòkó san owó rẹ̀ kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú kòkó. Ọmọ márùn-ún ni Bàbá bí. Olùkọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan, méjì ní Èkó, ọ̀kan ní òkè òkun. Inú rẹ̀ dùn sí gbogbo wọn, àwọn alágbàṣe tó ń wá láti Benue àti Kùtọnu ló sì ń bá a já kòkó.

Ní 1986, lábẹ́ ètò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Sàápù, ìjọba tú àwọn Bọ́ọ̀dù ká. Owó kòkó fò sókè, àgbẹ̀ yọ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tí ìjọba máa ń bá wọn san díẹ̀ nínú owó rẹ̀ ti di ohun tí kálukú ń rà fúnra rẹ̀, ẹni tó ń yẹ kòkó wò kò sì ní agbára tó ní tẹ́lẹ̀. Oníṣòwò tó fẹ́ sọ náírà rẹ̀ di dọ́là kíákíá kò bìkítà bóyá kòkó gbẹ.

Ìyàwó Bàbá fi bó ṣe yẹ kí ó rí hàn mí. Wọ́n á fọ́ èso, wọ́n á kó kòkó tútù jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi ewé bò ó fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, wọ́n á máa yí i padà kí ó lè kan dáadáa, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá sá a. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú èyí tó ti gbẹ, ó fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Ó ń dún ṣárá-ṣárá bí ewé gbígbẹ. Ó wá bu láti inú àpò aládùúgbò kan tó ń kánjú tà. Kò dún rárá.

"Alágbàtà á ra méjèèjì ní iye kan náà," ó ní. "Kí ló dé tí mo fẹ́ máa jí lóru nítorí òjò?"

Àwọn aládùúgbò wa

Àwọn kan máa ń sọ pé kí a dá Bọ́ọ̀dù padà, gbogbo nǹkan á sì dára. Ẹ jẹ́ ká wo Gánà, tí kò tú tirẹ̀ ká. Ní ọdún 1983, ọ̀gbẹlẹ̀ àti iná igbó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kòkó wọn tán, àmọ́ wọ́n gbìn padà. Kó tó di sáà 2010 sí 2011, wọ́n ti kọjá mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù. Kódífúà, tó gba ipò kìíní lọ́wọ́ Gánà ní ìparí ọdún 1970 sí 1980, ń ṣe nǹkan bíi mílíọ̀nù 2. Àwa wà ní nǹkan bíi 300,000, ibi tí a wà ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n nínú oṣù Kẹta ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, nínú oṣù Kejìlá ó kọjá 12,000. Àgbẹ̀ Gánà kò rí i. Bọ́ọ̀dù wọn ti ta kòkó sílẹ̀ ṣáájú ní owó pọ́ọ́kú, gbèsè sì ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ àpò kòkó gba ọ̀nà igbó jáde kúrò ní Gánà. Àgbẹ̀ tiwa, tí kò ní Bọ́ọ̀dù kankan, gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo owó náà, wọ́n ń ta tọ́ọ̀nù kan ní ohun tó ju mílíọ̀nù 10 náírà lọ. Bàbá fi páànù tuntun kan ilé rẹ̀, ó sì ra ọ̀kadà.

Ọ̀rọ̀ náà kò wá dúró lórí bóyá Bọ́ọ̀dù wà tàbí kò sí. Gánà fi owó púpọ̀ padà sídìí igi, wọ́n sì rí èrè rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n di ọwọ́ àgbẹ̀. Àwa tú ọwọ́ àgbẹ̀ sílẹ̀, a ò sì fi nǹkan kan padà sídìí igi.

Kí ló tilẹ̀ mú kí kòkó wọ́n bẹ́ẹ̀ ní 2024? Igi ń kú ni. Ní Gánà àti Kódífúà, àrùn tó ń mú ẹ̀ka wú àti ojú ọjọ́ tó ti yí padà ba oko jẹ́. Ní Gánà, àwọn tó ń wa góòlù láìgba àṣẹ hú oko kòkó mìíràn tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Owó tí a rí yẹn, owó òkú ẹlòmíràn ni. Kó tó di ìparí ọdún 2025, iye rẹ̀ ti já sí ìdajì.

Igbó ń tán níwájú

Ẹni tó bá gbin kòkó sórí ilẹ̀ igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán ń gba ẹ̀bùn. Ilẹ̀ náà lọ́ràá, ó ní ọ̀rinrin, koríko kò pọ̀, àrùn kò sì tíì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún tàbí díẹ̀ sí i, ẹ̀bùn náà á tán. Nígbà náà, àgbẹ̀ ní ọ̀nà méjì: kí ó gé igi àgbà, kí ó ra ajílẹ̀, kí ó gbin tuntun, kí ó sì dúró fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún láìrí owó, tàbí kí ó lọ wá igbó mìíràn. Igbó mìíràn máa ń rọrùn jù.

Bẹ́ẹ̀ ni kòkó ṣe ń rìn. Ó kúrò ní Agége, ibi tí ilé àti ọ̀nà ti bo ilẹ̀ oko mọ́lẹ̀ lónìí. Ó rẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn, ó kọjá sí Ifẹ̀, ó dé Oǹdó, ó sì ti wọ igbó ọba báyìí: Olúwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Igbó Ọmọ ni àjọ UNESCO kà mọ́ àwọn igbó tó yẹ kí ayé tọ́jú láti 1977. Erin ṣì wà nínú rẹ̀, erin igbó ilẹ̀ wa, tí àwọn ọdẹ máa ń kì. Lónìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ àti àwọn olóko kòkó ló ń bá ara wọn fà á níbẹ̀.

Mo bá ọkùnrin kan pàdé tó ń dá oko nínú irú igbó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun sanwó kí òun tó wọlé. Nígbà tí mo bi í pé ta ló san án fún, ó ní òun kò lè sọ. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé kí ni mo rò pé òun máa ṣe: ilẹ̀ bàbá òun ti gbó, ọmọ òun mẹ́ta wà nílé-ìwé.

Lẹ́yìn Olúwa, ilẹ̀ ẹrẹ̀ ló kù, lẹ́yìn ìyẹn òkun. Kò sí Oǹdó mìíràn níwájú. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tó jẹ́ pé igbó tuntun ló ń san gbèsè oko àgbà fún wa, gbogbo ìjọba tó jẹ sì ń ka owó náà bí ẹni pé òun ló ṣiṣẹ́ rẹ̀. Igbó ti ń tán báyìí. Bí òfin Yúróòpù kò bá tilẹ̀ dé, ọ̀rọ̀ yìí á ti wá kan ilẹ̀kùn wa.

Ta ló ni ilẹ̀?

Kí ló dé tí àwọn bíi Bàbá kò fi gé igi tó ti darúgbó kí wọ́n gbin tuntun? Irúgbìn wà. Ilé ìwádìí tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ ti mú ẹ̀yà mẹ́jọ jáde, TC1 títí dé TC8, tó ń yára so tó sì ń so púpọ̀. Mo bi òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ti pẹ́ lẹ́nu kíkọ́ àgbẹ̀ níṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"A máa ń kó irúgbìn wá fún wọn. Wọ́n á gbà á, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á tì í sẹ́yìn ilé. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ilẹ̀ ni."

Àjòjì ni Bàbá lórí ilẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lo ju àádọ́ta ọdún níbẹ̀. Ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, ní kìlógírámù kòkó, kì í ṣe ní owó. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ibi, igi ló ni, kò ni ilẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí igi bá dúró, kò sí ẹni tó lè lé e. Ṣùgbọ́n bó bá gé wọn lulẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀, tí wọn kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ orógbó, lè sọ pé àdéhùn bàbá àwọn ti parí, kí ó wá san owó ilẹ̀ tuntun. Nítorí náà, igi tí kò so mọ́ dúró síbẹ̀ bí ẹlẹ́rìí.

Òfin Ilẹ̀ ti 1978 gbé ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Ẹni tó ní owó ní ìlú lè gba ìwé onílẹ̀ lórí hẹ́kítà ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kòkó wa, àwọn olóko hẹ́kítà méjì, mẹ́ta, kò ní ohun tí wọ́n lè gbé lọ sí báńkì. Pèrègún kò ṣeé gbé lọ sí báńkì.

Ibí yìí ni mo gbà pé ìjọba ti ní iṣẹ́ láti ṣe, kì í sì í ṣe iṣẹ́ olówó iyebíye. Àwọn tó ń wọn oko fún Yúróòpù ti ń rìn yí ààlà po fúnra wọn, wọ́n sì ń kó àwòrán náà lọ fún àwọn tó ń ra kòkó. Bí ìpínlẹ̀ bá gba ẹ̀dà kan, tí ó pe onílẹ̀, olóko àti baálẹ̀ jọ níwájú pèrègún kan náà, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni yìí ló ń dáko síbí, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti gé kí ó sì gbìn, ìwé tí àádọ́ta ọdún kò mú wá á dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Owó tún wà. Àwọn ìpínlẹ̀ tó ń ṣe kòkó ń gba owó lórí ẹrù tó ń jáde. Mo fẹ́ kí wọ́n lẹ iye tó wọlé mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọọdún, pẹ̀lú iye igi tí wọ́n fi gbìn. Àgbẹ̀ mọ ìṣírò. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn tún mọ̀ ọ́n, nítorí kòkó ló rán wọn lọ kọ́ ọ.

Nígbà tí a yí oko Bàbá po tán, òòrùn ti là. Ọmọkùnrin náà yí ojú fóònù sí i. Oko náà wà níbẹ̀, àwòrán kékeré aláwọ̀ ewé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ. Bàbá gbà á, ó wò ó pẹ́, ó fi ìka tọ̀ ọ́ yí ká bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n ti jí i díẹ̀.

"Ó kù díẹ̀," ọmọkùnrin náà ní. Ó ń tẹ nǹkan. "Orúkọ yín, Bàbá? Ọjọ́ orí? Ìyàwó ńkọ́?" Bàbá ń dáhùn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹni tó ni ilẹ̀?"

Bàbá dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀ dúró pẹ̀lú ọ̀pá tó fi ń da kòkó, kò da á mọ́. Ọmọkùnrin náà gbójú sókè. Ó ní bí òun kò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀, fóònù kò ní jẹ́ kí òun lọ sí oko tó kàn.

"Kọ orúkọ mi," Bàbá ní. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo gbìn ín."

"Kò sí àyè fún ìyẹn, Bàbá."

Bàbá dá fóònù náà padà fún un, ó mú àdá rẹ̀, ó sì padà sídìí igi tó ń ro lábẹ́ rẹ̀ kí a tó dé.